Ìgò Omi Ọ̀nà Nsawam

Àwẹ̀ró ọmọ Sàlàkọ́ kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan ní gbogbo Nima, àdúgbò kan ní Accra, tó mọ kẹ̀kẹ́ tó o. Ó mọ ìró ṣéènì tó gbẹ, ó sì mọ ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta epo sí. Bí àbúrò rẹ̀ bá ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ dánra wò láàárọ̀, inú ilé ni yóò ti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá. Tí ara bá yá, yóò gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá gọ́tà ẹnu ọ̀nà láìdúró. Tí kò bá yá, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò máa tì í wọlé.

Làmídì ni orúkọ àbúrò náà, Àjàní ni oríkì rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró sì fi jù ú lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn ti wá sí Accra láti wá ta ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tí Àwẹ̀ró ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Accra ni wọ́n bí Làmídì sí. Kò tíì já lẹ́nu ọmú tí ìyá fi kú, bàbá náà kò sì pẹ́ kó tó tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró lọ́kọ fún ọdún mẹ́ta péré, ọkọ kú, kò sì sọ́mọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Ìyá Làmídì, kì í sọ pé rárá.

Ọjà Odawna ló ti ń tajà. Ó ń ta ọṣẹ, súgà, mílíìkì inú agolo, sàdíìnì àti ìṣáná. Ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Abena, obìnrin Akan kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà, fara kanra. Twi ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn jù tàbí tó bá le jù, Àwẹ̀ró yóò bọ́ sí Yorùbá láìmọ̀, Abena yóò sì máa dá a lóhùn bí ẹni tó gbọ́.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni Làmídì kọ́. Kẹ̀kẹ́ àwọn oníbàárà ló fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun yàtọ̀, nítorí tó bá ti tún un ṣe tán, yóò ní òun fẹ́ gùn ún wò, ó di òkè Aburi, òkè tí lọ́rì pàápàá ń kérora kó tó gùn ún. Ní ọdún 1967, ó wọ ìdíje tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti Kumasi wá sí Accra ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ó sì gba ipò kìíní. Ní ọdún kejì, ó tún gbà á.

Ìgbà náà ni gbogbo ìlú gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu aládídùn wá ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ife mọ́ àyà, kó fi ọwọ́ kejì di kẹ̀kẹ́ mú, kó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ "Agbára Ghana" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Circle, ní Kaneshie, àti ní ibùdókọ̀ àwọn tó ń lọ Tema. Làmí ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pè é, kó má baà wúwo lẹ́nu. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ Nima ni, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ wa ni. Kò sí ẹni tó kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí i, Làmídì fúnra rẹ̀ kò sì débẹ̀ rí. Ohun mímu náà ńkọ́? Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó fi inú rírun sùn, kò sì tún tọ́ ọ wò mọ́.

Àwẹ̀ró ló ń po omi tí yóò mu lójú ọ̀nà. Ìdíje yòówù kó jẹ́, Nsawam ni yóò dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì, nítorí ibẹ̀ ni agbára máa ń tán lára àwọn eléré kẹ̀kẹ́, Accra sì ṣì kù ní nǹkan bíi ogún máìlì. Omi, súgà, oje ọsàn àti iyọ̀ díẹ̀ ni. Yóò na ìgò náà síta, Làmídì yóò já a gbà láìdúró.

Ọdún 1969 wọlé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje wáyé ni ibà kọlu Làmídì. Ó gbọ̀n, ó làágùn, ó bì. Nígbà tí ibà fi máa fi í sílẹ̀, ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Aṣojú ilé iṣẹ́ ohun mímu wá kí i, ó ká ìwé ńlá kan sábẹ́ abíyá. Nígbà tó tú u, Làmídì ni wọ́n yà síbẹ̀, tó na ìka mẹ́ta sókè. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́ ìdíje nìkan ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà wo ẹni tó wà lórí ẹní, ó wo àwòrán ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé yóò lè gùn ún?" ló bi Àwẹ̀ró.

"Yóò gùn ún," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró lọ bá Sàká. Sàká yìí ló ń gbé àpótí onígíláàsì káàkiri Nima, tó ń ta oògùn orí fífọ́, oògùn aràn, àti oríṣìíríṣìí hóró tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti ń rà wọ́n.

"Kí ni àwọn awakọ̀ tó ń fi òru wakọ̀ lọ sápá àríwá máa ń rà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ìyá Làmídì, lọ́rì wo lẹ fẹ́ wà?"

"Mo ní kí ni wọ́n máa ń rà?"

Sàká ṣí ìsàlẹ̀ àpótí, ó mú hóró funfun kéékèèké jáde nínú bébà. "Tẹ́ ẹ bá lo ẹyọ kan, oorun kò ní kun yín. Tẹ́ ẹ bá lo méjì, ẹ̀yin náà yóò fẹ́ bá lọ́rì sáré. Ẹ má kọjá méjì o."

Mẹ́rin ni Àwẹ̀ró rà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn ni oògùn ń jẹ́. Ṣé oògùn kọ́ ni Làmídì fi borí ibà? Ṣùgbọ́n kò sọ fún un. Ó mọ̀ pé tí òun bá sọ, yóò kọ̀. Ó lọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúná, ó dà wọ́n sínú ìgò, ó sì mì ín títí omi náà fi padà dà bíi omi ọsàn.

Ní ọjọ́ ìdíje, nígbà tí àwọn aṣáájú yọ ní Nsawam, Làmídì wà ní ipò karùn-ún. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Yàkúbù ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọ Nima ni Yàkúbù náà, ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, láti Suhum ló sì ti ń ṣáájú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà bá a jà. Làmídì já ìgò gbà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ síwájú, ó gbé ìyókù fún Yàkúbù. Àwẹ̀ró rí i. Ó gbé ọwọ́ sókè láti pariwo, ṣùgbọ́n kí ni yóò pariwo pé? Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ ti yí kọ́nà.

Ìròyìn tó kàn án ní Accra ni pé Làmídì ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ bí ẹni tí ẹnìkan ń lé, ó sì ti gba ife lẹ́ẹ̀kẹta. Nínú àwòrán tí ìwé ìròyìn gbé jáde lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ là rekete bí ojú òwìwí. Ọjọ́ méjì ni kò fi sùn. Ó ń fọ kẹ̀kẹ́ tó ti mọ́, ó ń tún un fọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró. Àwọn ará ilé ní ayọ̀ ni. Yàkúbù ní tirẹ̀ gba ipò keje, ó ṣubú lẹ́yìn ìlà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà bi í ní ohun tó mu.

"Omi ilé mi," Yàkúbù ní, "àti omi Làmídì."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé ìròyìn fi béèrè ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé kí ló wà nínú ìgò yẹn. Oníkálùkù ló sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Àwọn Yorùbá Nima ní bàbá rẹ̀ ló fi agbára kan sílẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin ọjà Makola ní èèdì Alata ni, bí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní oògùn òyìnbó ni, pé àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ń lò ó, pé ó ti pa lára wọn. Ìgbà náà ni ìwé ìròyìn kọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn òbí Làmídì wá láti Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ohun mímu kò bá a jà. Wọ́n kàn rán àwọn tó ń lẹ bébà pé kí wọ́n fi àwòrán ọṣẹ bo tirẹ̀. Ti Kaneshie kò bò ó tán. Ẹsẹ̀ méjèèjì àti táyà ẹ̀yìn ṣì ń hàn lábẹ́ ọṣẹ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ pe Làmídì àti Àwẹ̀ró. Ọ̀gbẹ́ni Kúátè, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin Ga kan tó ti hewú, ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò tíì béèrè jìnnà tí Làmídì fi yọ Kùránì tó mú wá láti ilé. Ó gbé ọwọ́ lé e. "Tí mo bá mọ̀ pé mo mu oògùn kankan, kí ẹsẹ̀ yìí má gbé mi dé ilé."

Ọ̀gbẹ́ni Kúátè kọjú sí Àwẹ̀ró. "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin lẹ po omi náà?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Súgà, ọsàn, àti iyọ̀."

"Kò sí ohun mìíràn?"

"Kò sí."

Ìgbìmọ̀ náà kò lè fẹnu kò. Wọ́n ní àwọn yóò dúró de ìwé ilé ìwòsàn, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú sí oṣù Kejìlá, wọ́n sì ní kí Làmídì má wọ ìdíje kankan títí dìgbà náà. Ó padà sídìí iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń gbé kẹ̀kẹ́ tí kò bàjẹ́ wá, kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀. Ó ń tún un ṣe, ó ń dá a padà fún wọn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ó dáwọ́ dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, yàtọ̀ sí yín, ta ló tún fọwọ́ kan ìgò yẹn?"

Ó yẹ kí Àwẹ̀ró sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là pàápàá. Ohun tó jáde ni pé, "Èrò pọ̀ ní Nsawam, Àjàní."

Láti ọjọ́ náà ni Làmídì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Yàkúbù ló rán ẹnìkan nínú èrò náà láti fi nǹkan sí omi òun, tí Yàkúbù fúnra rẹ̀ wá mu díẹ̀ níbẹ̀ kó lè ṣubú lójú gbogbo ayé, kó sì ba òun lórúkọ jẹ́. Bí Yàkúbù bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, yóò sọdá sí apá òsì. Yàkúbù kí i títí, ó sú u, òun náà ṣíwọ́. Àwẹ̀ró ń wò wọ́n. Ó rí i pé irọ́ òun ti rí ilé mìíràn kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wó irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, wọ́n sì ń gba ààwẹ̀ Ramadan lọ́wọ́, tí rédíò kéde òfin ìjọba tuntun pé gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Nima, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un túmọ̀.

"Kò kàn yín," Abena sọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì. "Ìwọ tó ò ń fi Twi ṣépè. Kò kàn yín."

Ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n. Làmídì lọ tò sórí ìlà láti wá ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tò ó. Nígbà tó kàn án, ọ̀dọ́kùnrin akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ kọ́ ni Làmí?" Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn rọra bi í pé, láàárín àwa méjì, irú oògùn wo ni. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé béèrè ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò ní. Ìwé bàbá rẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé. Akọ̀wé náà kẹ́dùn, ó sì pe ẹni tó kàn.

Nígbà tí Làmídì délé tó sọ ọ́, Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí òun yóò gbé àti ohun tí òun yóò fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wé gèlè, ó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́, yàrá kékeré kan ni nítòsí pápá ìṣeré. Ọ̀gbẹ́ni Kúátè nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé omi tútù fún un. Àwẹ̀ró ní òun ń gbààwẹ̀. Èdè Ga ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," Àwẹ̀ró ní, kò tiẹ̀ tíì jókòó dáadáa. "Hóró mẹ́rin. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo lọ̀ ọ́, èmi ni mo dà á sínú omi. Làmídì kò mọ̀. Yàkúbù náà kò mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kúátè bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Kò jọ pé inú bí i. Ó fa ìwé kan yọ láti abẹ́ àwọn yòókù. "Àná ni a yọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ghana kúrò nínú ẹgbẹ́. Orúkọ àbúrò yín wà nínú wọn."

"Ẹjọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹjọ́ ta ni? Ẹni tí kò sí nínú ìwé wa, a kò lè dá a lẹ́bi, a kò sì lè dá a láre."

Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀. Láti oṣù kẹrin ló ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń bẹ̀rù iná, nígbà tó wá sọ ọ́ tán, kò jó ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí lẹ wá sọ ọ́?" ọkùnrin náà béèrè.

"Tí a bá ti kọjá bọ́dà ní Aflao, kò ní sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́ tí yóò mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹ sọ ọ́ fún àbúrò yín náà."

"Ẹnu mi kò gbà á."

Ọ̀gbẹ́ni Kúátè ronú díẹ̀, ó fa bébà mọ́ra, ó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí Àwẹ̀ró ti sọ ọ́, kò fi nǹkankan kún un. Àwẹ̀ró tẹ àtàǹpàkò sí i. Ọkùnrin náà gbé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sókè, ó dúró, ó wá lù ú. "Làmídì ló ni ín," ó ní. "Èmi kò mọ ibi tí mo lè tọ́jú rẹ̀ sí."

Wọ́n kúrò ní Accra ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọjà tí Àwẹ̀ró kò lè tà, ó kó o sí ìsọ̀ Abena. Abena sin wọn dé ìdí lọ́rì, ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin sísè fún wọn láti fi ṣínu. Làmídì di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, láàárín ibùsùn àti agolo àwọn èèyàn.

Ní Aflao, bọ́dà Ghana àti Togo, lọ́rì tò lọ bí èèrà. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀, kò sì sí èyí tó rìn. Àwẹ̀ró àti Làmídì jókòó sábẹ́ òjìji lọ́rì. Àwẹ̀ró tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Kí ni èyí?"

"Kà á."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo àmì àtàǹpàkò ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ́ títí.

"Ọdún yìí nìkan ni?"

"Ọdún yìí nìkan ni."

"Ti èṣí ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Omi ọsàn ni, Àjàní. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ má búra. Èmi ni mo búra, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo gbọ́wọ́ lé Kùránì lójú gbogbo wọn."

"Ohun tí o mọ̀ lo búra lé lórí. O kò jẹ̀bi."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ibo lẹ jókòó sí?"

Àwẹ̀ró ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́lẹ́ bí ó ti jókòó yìí.

"Yàkúbù kò mọ nǹkankan," Làmídì ní.

"Kò mọ nǹkankan."

"Oṣù mélòó ni mi ò fi kí i?"

Ó dìde. Awakọ̀ kan wà nítòsí tó ti já èrò rẹ̀ sílẹ̀, tó fẹ́ padà sí Accra. Nima lòun náà ń gbé. Làmídì yá gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ Yàkúbù sẹ́yìn ìwé náà, ó kọ "Dárí jì mí" sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi rán awakọ̀ náà. Àwẹ̀ró fẹ́ sọ pé ìwé kan ṣoṣo tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ nìyẹn. Kì í ṣe òun ló ni ín mọ́.

Làmídì wá tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn lọ́rì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé mi délé."

"Nínú ààwẹ̀? Àjàní, ó jìnnà o. Togo wà níwájú, Dàhọ̀mì wà níwájú. Jẹ́ n bu omi fún ọ."

"Arìnrìn-àjò lè ṣínu. Màá ra omi lójú ọ̀nà," ó ní, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà lọ síwájú àwọn ọlọ́pàá bọ́dà. Wọ́n wo ìwé ìrìn-àjò tí wọ́n fún un ní Accra, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kan kò gba àyè bíi ti lọ́rì.

Lọ́rì wọn kò rìn títí di ọ̀sán. Nígbà tó rìn, táyà jò ní Togo. Ní bọ́dà Dàhọ̀mì, wọ́n ní kí wọ́n já gbogbo ẹrù sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Bí wọ́n bá ti dé abúlé kan, Àwẹ̀ró yóò yọrí, yóò wo ẹ̀bá ọ̀nà méjèèjì. Obìnrin kan tó ń ta omi ní Ouidah sọ fún wọn pé ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá lánàá, ó mu ìgbá méjì, ó kí òun dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé Ìdìrókò. Làmídì wà lábẹ́ igi ní ìhà Nàìjíríà, ó da kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ń bá ẹlòmíràn lẹ táyà. Ètè rẹ̀ àti awọ itan rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ìrọ̀lẹ́ àná ló ti dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń sáré.

"O jẹun?" Àwẹ̀ró bi í.

"Mo ti jẹun," ó ní, ó sì ń bá táyà náà lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fún wọn ní yàrá méjì nínú agbo ilé bàbá wọn, láàárín àwọn èèyàn tí wọn kò mọ̀, tí wọ́n mọ orúkọ wọn. Ará Gánà ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwẹ̀ró tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti súgà lójú pópó. Bí oníbàárà bá ná ọjà jù, Twi ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Làmídì ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ohun tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kò ju ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé àti ó dàárọ̀. Àwẹ̀ró kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ní àkókò òjò, ó wọlé, ó jókòó, ó sọ ìtàn ọlọ́pàá kan tó gbé kẹ̀kẹ́ aláìní-bíréèkì wá, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ń jẹun pọ̀.

Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ Yàkúbù ní ọdún 1972. Ó ní òun rí ìwé náà gbà, òun kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti gbéyàwó. Ó ní ẹlòmíràn ló ń gba ife báyìí, pé òkè Aburi ṣì wà níbẹ̀.

Làmídì kò wọ ìdíje mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti Accra dé pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀. Bí àlejò bá wá sílé, ẹnìkan yóò fọwọ́ kàn án, yóò ní ẹni tó gba ife Kumasi sí Accra ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ rí yìí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni," Làmídì yóò sọ.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni! Mo wà ní Circle lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà."

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, Àwẹ̀ró dìde kúrò nínú ilé, ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri títí àlejò fi lọ. Lẹ́yìn bí ọdún mélòó kan, ó máa ń jókòó síbẹ̀, yóò gbọ́ ọ, yóò sì gbé oúnjẹ síwájú àlejò.